Wọ́n Jókòó Sẹ́yìn, Wọn Ò Tíì Wọlé Tán

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti kọjá díẹ̀. Lójú títì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́kadà ń bú ara wọn, ẹni tó ń ta ṣájà fóònù sì ti yí orin rẹ̀ sókè dé góńgó. Ọmọbìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró níbi àwo omi mímọ́ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Fóòmù kékeré kan wà nínú àwo náà, omi ti rin ín gbindin. Kò tọ ìka bọ̀ ọ́. Ó wò ó, ó kọjá, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta láti ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn fáànù kì í dé.

Iná pupa kan ń tàn níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọmọ ìjọ ń pè ní tábánákù. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ lápá òsì, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rósárì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀ ti sùn lọ. Kò sẹ́ni tó ń wàásù, kò sẹ́ni tó ń lu ìlù, igbá ọrẹ kò sì kọjá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọbìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń kí àgbà lọ́nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Inú ìjọ pẹntikọ́sì ni wọ́n bí i sí. Díkínì ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà. "Mi ò pààrọ̀ ìjọ o," ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì kí n tó béèrè. "Ibí nìkan ni mo ti lè dákẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Irú wọn kò wọ́n. Ẹni tó bá jókòó díẹ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà láàárín ìlú, ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, yóò rí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí tó ti ká fìlà rẹ̀ sápò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Sẹ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ kò tíì gbà á pé ènìyàn lè wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Wọn kì í jókòó síwájú. Bí wọ́n bá ní kí àlejò dìde kí wọ́n kí i káàbọ̀, wọn kì í dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá.

Mo bá díẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀, mo bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, mo sì lọ bá katikísì kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, Fadá kan, àti olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nípa ẹ̀sìn. Gbogbo wọn ló ní kí n má dárúkọ àwọn.

Níbi tí wọn kì í ti í bi ọ́ léèrè

Ọmọ ọdún 24 ni ọmọbìnrin tí mo rí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kò sọ ìsọkúsọ nípa ìjọ tó bí i. "Wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ̀mí kan ló dí mi lẹ́nu. Tí mo bá sunkún, wọ́n á gbé máíkì sí mi lẹ́nu kí n wá jẹ́rìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí tí Ọlọ́run fi gbà á fún mi. Mo kàn fẹ́ jókòó ni." Òjò ló lé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nígbà àkọ́kọ́. Òjò dá, kò dìde.

Kí ni ó wà níbẹ̀ tó mú un jókòó? Ìgbàgbọ́ ìjọ Àgùdà ni pé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Fadá yà sí mímọ́ nígbà ìsìn Mísà ti di Ara Krístì ní ti gidi, kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tọ́jú sínú tábánákù. Iná pupa yẹn ló ń sọ fún ẹni tó bá wọlé pé Ó wà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìjọ tó bá ń kọjá níwájú rẹ̀ fi máa ń fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀, kódà bó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ ló mú lọ́wọ́ tó fẹ́ lọ gbálẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò mọ ìkankan nínú èyí nígbà náà. "Kí n tó mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn ni mo ti rí i pé gbogbo wọn ń ṣe bí ìgbà tí ẹnì kan wà nínú yàrá náà. Wọ́n ń rọra rìn. Wọn kì í pariwo. Mo wá ń wò yíká, ta ni ẹni náà?"

Ohun tó sọ yìí rán mi létí Edith Stein. Ọmọ Júù ará Jámánì ni, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó sì ti pa àdúrà tì láti ìgbà ọ̀dọ́langba rẹ̀. Ní ọdún 1916, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yà wo kàtídírà ìlú Frankfurt bí àlejò ṣe máa ń wo ilé àtijọ́. Ibẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀ wọlé, tó kúnlẹ̀, tó gbàdúrà ṣókí, tó sì jáde. Stein kò rí irú rẹ̀ rí. Ní sínágọ́gù àti ní ṣọ́ọ̀ṣì Pùròtẹ́sítáǹtì tó mọ̀, ìgbà ìsìn nìkan ni wọ́n ń wá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò gbàgbé ìran yẹn. Ó gba ìrìbọmi ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1922, ó di sístà ní ilé àwọn Kámẹ́lì, àwọn Nasi pa á ní Auschwitz ní 1942, ìjọ Àgùdà sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1998. Kì í ṣe ìwàásù ló kọ́kọ́ mú ojú rẹ̀ wo apá ibẹ̀, obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ ni.

Olùkọ́ yunifásítì tí mo bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ẹ̀mí nìkan. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé," ó ní. "Ènìyàn mẹ́rin nínú yàrá kan. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lójú fèrèsé. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wà lọ́tùn-ún, ti ṣọ́ọ̀ṣì wà lósì. Ní gbogbo Èkó, ibo ni ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè jókòó sí fún wákàtí kan láìra nǹkan, tí wọn ò ní lé e?" Mo ronú lórí ìbéèrè rẹ̀ títí, mi ò rí ibi mẹ́ta kà.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe bí ẹni pé gbogbo ilé ìsìn Àgùdà ló dákẹ́. Ẹgbẹ́ Kàrísímátíìkì tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Àgùdà ní yunifásítì Duquesne ní Amẹ́ríkà ní 1967 ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ yìí tipẹ́, àìsùn wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ìjọ pẹntikọ́sì létí ẹni tó ń sùn nítòsí. Láti ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti fàyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú ìsìn ní 1963 ni èdè Yorùbá ti ń gba ipò Látìnì ní Mísà, tí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ti ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sínú ìjọ Àgùdà ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà jáde. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti jẹ́ ọmọ pẹpẹ rí, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń kọ fún un. "Ohun tí wọ́n ń wá débẹ̀ gan-an ni mo ń sá fún láti kékeré. Ẹ bá mi kí wọn."

Dìde, jókòó, kúnlẹ̀

Ọjọ́ Ìsinmi yàtọ̀ sí Ọjọ́bọ̀. Ní Mísà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí, nítorí pé ara rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Gbogbo ìjọ á dìde lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n dìde. Wọ́n á jókòó. Wọ́n á tún kúnlẹ̀, pákó ìkúnlẹ̀ á dún gbàgàdà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fadá á sọ gbólóhùn kan, ọgọ́rùn-ún ẹnu á dá a lóhùn. Àlejò á máa yọjú wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á sì máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbẹ́yìn nínú ohun gbogbo.

Ọ̀dọ́kùnrin Mùsùlùmí kan sọ fún mi pé ohun tó fa òun gan-an nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn Àgùdà ló lọ. "Nílé wa, àdúrà ní ìdúró rẹ̀, ó ní ìtẹ̀ba rẹ̀, ó ní ìforíkanlẹ̀ rẹ̀. Ara ló ń kírun, kì í ṣe ẹnu nìkan. Nígbà tí mo rí i pé àwọn náà ń fi ara gbàdúrà, ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ìjọ yòókù tí àwọn ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ, ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Ó rántí Ọjọ́rú Eléérú kan, ọjọ́ tí àwọn Àgùdà ń bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ Lẹ́ńtì. Wọ́n ń fi eérú kọ àmì àgbélébùú sí iwájú orí àwọn ènìyàn, òun náà sì tò sórí ìlà. Ìjọ kì í ka eérú yìí mọ́ àwọn sákráméńtì méje. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ronú pìwà dà lè gbà á, kò di dandan kó jẹ́ ọmọ ìjọ. Ó gbàgbé láti nù ún kúrò kó tó délé.

"Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wò mí títí. Mo ń retí ìgbátí. Wọ́n ní, 'Lọ bọ́jú kó o tó wá kírun.' Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ́jú, mo kírun." Mo bi í bóyá ó ti di onígbàgbọ́ báyìí. Ó ní rárá. Ó ṣì ń lọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí nǹkan bá dà rú lójú rẹ̀, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun yan ọ̀kan torí kí ọkàn ẹni tó ń bi òun léèrè lè balẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ń tún sọ. Kó tó di pé wọ́n pín Ara Krístì, Fadá á ní kí ìjọ fún ara wọn ní àmì àlàáfíà. Wọ́n á na ọwọ́ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Òǹdó nígbà náà, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú, ní ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ bọ òun lọ́wọ́. "Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí igi. Wọn ò bi mí ní orúkọ. Wọ́n kàn wò mí lójú, wọ́n ní àlàáfíà, wọ́n sì yíjú síwájú. Mo rò ó títí di alẹ́."

Ìlà tí wọn ò gbọdọ̀ tò sí

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyí. Nígbà tí àkókò bá tó láti gba Ara Krístì, bẹ́ǹṣì bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń dìde. Àlejò nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Àwọn ẹlòmíràn á máa fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Òfin ìjọ Àgùdà tó ń ṣiṣẹ́ láti 1983 sọ ọ́ kedere: àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń fún ní sákráméńtì yìí, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀ bí ewu ikú. Àwọn ọmọ ìjọ pàápàá, ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà lọ́rùn òun gbọ́dọ̀ lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fadá kó tó gbà á. Nítorí náà, àlejò nìkan kọ́ ló ń jókòó. Bí ojú rẹ bá yá díẹ̀, wàá rí bàbá kan tó fẹ́ ìyàwó kejì, wàá rí ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó, wàá rí ẹni tó bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ lóru àná. Gbogbo wọn ló jókòó ní tiwọn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìtàn tí kò dùn. Wọ́dà tó ń darí ìlà fọwọ́ kàn án léjìká pé kó dìde, ó rò pé dandan ni. Ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó dé iwájú, kò mọ ohun tó yẹ kó dáhùn. Fadá bi í bóyá ó ti gba ìrìbọmi nínú ìjọ, ó ní rárá, ó sì ní láti rìn padà gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lófo. "Gbogbo ojú wà lára mi. Mo lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà." Ó ti pẹ́ kó tó tún dá a láṣà láti lọ, pááríṣì mìíràn ló sì lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Fadá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní pááríṣì tó pọ̀. Kò gbèjà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. "Wọ́dà náà ló jẹ̀bi, àwa tí a ò kọ́ ọ sì jẹ̀bi jù ú lọ." Ṣùgbọ́n kò yí padà lórí òfin náà. "Ṣé ẹ máa ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́ kí ẹbí tó mọ ara wọn, kí wọ́n tó ṣe ìdána? Ẹni tó bá gba Ara Krístì ń sọ pé òun gba gbogbo ohun tí ìjọ yìí gbà gbọ́. Tí mo bá fún ẹni tí kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, mo ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu." Ó ní ẹni tí kò tíì lè gbà á lè ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà wá síwájú kí òun súre fún un, bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn pááríṣì kan.

Ó yà mí lẹ́nu pé nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọ̀pọ̀ ló gbà pẹ̀lú Fadá. Ọmọbìnrin Ọjọ́bọ̀ ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ fún òun pé òun ti wọlé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni òun ti ń bọ̀. Wọ́n ti fún un ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ti fi í sí ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ti gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. "Níbí, wọ́n sọ fún mi pé mi ò tíì dé ibẹ̀. Mo ní, ó dáa, ibẹ̀ wà nìyẹn." Èmi gbà á gbọ́. A máa ń fura sí ìkínni tí kò ní ààlà ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá yára jù láti pè ọ́ ní ọmọ rẹ̀ sábà máa ń ní ohun tó fẹ́ gbà.

Ilẹ̀kùn tí Mùsùlùmí gbẹ́

Àwọn tó ń bínú sí ọ̀dọ́ wọ̀nyí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àtijọ́ ni kálukú ti ń dúró sí ibi tí wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Àwọn tó gbé ìjọ Àgùdà dé Èkó, àjèjì ni wọ́n láàárín ìlú: ẹrú tó gba òmìnira, tí wọ́n padà láti Brasil àti Kúbà. Kí Fadá kankan tó wá gbé Èkó, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn Fadá míṣọ́nnárì fún ilẹ̀ Áfíríkà, yà sí Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ọdún 1868 ni Fadá tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ dé. Ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ìtàn tó wù mí jù wà ní Òyé-Èkìtì. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú SMA dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kó àwọn agbẹ́gilére jọ, àwọn tó jẹ́ pé ojúbọ àti ààfin ni iyì iṣẹ́ ìdílé wọn wà, wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì bí ojú wọn ṣe rí ayé. Àwọn amòye tó wá kí Jésù nígbà tí wọ́n bí i di ọba Yorùbá lọ́wọ́ wọn. Bándélé, ọmọ Aréógun agbẹ́gilére ńlá, wà lára wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé ní 1949. Lamidi Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni. Inú ilé iṣẹ́ àwọn Fadá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìjìyà Jésù sára igi. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ó kú ní 2009, Mùsùlùmí ló sì kú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ gbàdúrà ni kò mọ̀ pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn àwòrán inú ilẹ̀kùn náà kò gba ìrìbọmi rí.

Wọ́n ń jà nílé

Ìyá kan ní Ìbàdàn kò fẹ́ gbọ́ ìtàn Fákẹ́yẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń lọ sí Mísà àárọ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ọmọ tí mo fi ààwẹ̀ àti àdúrà bí, òun ló wá ń lọ kúnlẹ̀ níwájú ère. Kí n sì máa rẹ́rìn-ín?"

Ọmọ náà ti ṣàlàyé fún un pé àwọn Àgùdà kì í bọ ère Màríà, pé wọ́n ń bẹ ìyá Jésù kó bá wọn bẹ̀bẹ̀ ni. Àlàyé náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tì í pẹ́, mo rí i pé ère kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. "Ta ni yóò fẹ́ ẹ níbẹ̀? Àwọn wo ni yóò dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Tí mo bá kú, pásítọ̀ wa ni yóò sin mí, ọmọ mi á wá jókòó bí àlejò." Ohun tí ẹ̀rù ń bà á fún nìyẹn, ẹ̀rù náà kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa, ìjọ ni wọ́n ń pè nígbà ìkómọ, òun ni wọ́n ń pè nígbà ìsìnkú. Ọmọ tó bá jókòó sí ibòmíràn ti ṣí ìyá rẹ̀ nídìí.

Kí n tó dìde, ìyá náà sọ̀rọ̀ kan tó mú ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ó kúkú sàn ju ilé ọtí lọ."

Katikísì kì í kánjú

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé tán, ọ̀dọ̀ katikísì ni ọ̀nà gbà. Èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ó sì ti kọ́ àwọn tó ti di òbí àgbà báyìí. Ó ní àwọn tó bá ń kánjú ni òun máa ń ṣọ́. "Ẹni tó wá ní ọjọ́ Ajé tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń bi í pé ta ló ń lé e. Ìgbà mìíràn, ọ̀rẹ́kùnrin ni. Ìgbà mìíràn, ìbànújẹ́ ni. Mo máa ń ní kó jókòó kí ìyẹn lọ sílẹ̀ ná."

Ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí ìjọ Àgùdà gbé jáde ní 1972 fún ìgbàwọlé àwọn àgbà pín in sí ìpele ìpele. Alẹ́ Àìsùn Àjíǹde ni òpin rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dá iná tuntun níta ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tan àbẹ́là ńlá lára rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e wọ inú òkùnkùn. Ẹni tó bá ti fi omi ṣe ìrìbọmi ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ní ìjọ mìíràn, wọn kì í tún un ṣe fún un. Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí ńkọ́? Fadá náà ní òun kì í gbà á láìjẹ́ pé òbí mọ̀ sí i, pàápàá ọmọ Mùsùlùmí. "Mi ò fẹ́ kí ọmọ rí Ọlọ́run kó sì pàdánù bàbá."

Àwọn kan ò ní dé ọ̀dọ̀ katikísì láé. Simone Weil, ọmọ Faransé tó kú ní 1943 ní ẹni ọdún 34, fẹ́ràn Mísà, ó sì kọ lẹ́tà gígùn gígùn sí Fadá kan tó ń rọ̀ ọ́. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni ipò òun, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ obìnrin yìí fún katikísì. Ó mi orí. "A ní irú wọn níbí. Bàbá kan ń wá jókòó sẹ́yìn láti ìgbà tí mo ṣì ní irun dúdú. Mo máa ń kí i, ó máa ń kí mi. Bẹ́ǹṣì ló ń jókòó lé, kò jókòó lé mi lórí."

Ọ̀rọ̀ géètì

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apániláyà ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n ju àdó olóró, wọ́n sì pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ pááríṣì ní ilẹ̀ Yorùbá ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì wọn padà. Wọ́n ń yẹ báàgì wò. Wọ́n ń wo ojú ẹni tí wọn ò mọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn pa pátápátá lẹ́yìn Mísà àárọ̀, àwọn olè tó ń jí wáyà, bátìrì sólà àti àpótí ọrẹ sì ti fi kún un. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tó lè bú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn yẹn ń tì mọ́ta kì í ṣe apániláyà nìkan. Ọmọ ìjọ ní nọ́ńbà fóònù Fadá, ó mọ wọ́dà, wọ́n á ṣí i fún un. Ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹnì kan, tí ìbànújẹ́ rẹ̀ dé ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kò ní ẹni tí yóò pè. Póòpù Francis, tó kú ní 2025, kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ kan ní 2013 pé ó yẹ kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì máa wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó ń wá Ọlọ́run má baà bá a ní títì. Àwọn pááríṣì kan ti rí ọgbọ́n dá sí i: ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́dẹ, wọ́n á sì máa gba ara wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ pááríṣì tí ẹ ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ fi wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà kan, kí ẹ sì kọ aago rẹ̀ sára géètì kí ará ìta lè kà á. Ẹ sọ fún àwọn wọ́dà yín kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹni tó bá jókòó nígbà tí ìlà bá ń lọ síwájú. Kí Fadá tó sọ̀kalẹ̀ láti pín Ara Krístì, kó sọ gbólóhùn kan péré tí àlejò yóò fi mọ ohun tó lè ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín ohun tó rí níbẹ̀ kí ẹ tó bi í ìdí tó fi lọ.